Ọdún Tí Ìye Ń Yẹ Ẹsẹ̀ Àna Rẹ̀ Wò

Bí ẹ bá bá mi pàdé nínú mọ́tò tí ẹ rí i pé mo dorí kodò, ẹ má rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò. Ní báǹkì ni o, ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o, níbi òkú àgbà pàápàá, kí n tó mojú ènìyàn ni mo ti máa ń mọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ èyí tí bàtà fún pa, mo mọ èyí tí omi jẹ láàárín ọmọ ìka, mo sì mọ èyí tí ẹni tó ni ín kàn fi ọ̀dà pupa bò kí a má baà rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Àkúrẹ́ máa ń lẹ èékánná oníke tó gùn bí ṣíbí mọ́ ọwọ́. Bó bá ti wọlé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbá mú, n ó ní, "Kí ló wà lábẹ́ eléyìí?" Á fà á gbà, á ní, "Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọ yìí ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní ilé Ìye, ní Ìjù-Odò, lọ́dún tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ tí ọkọ náà kò rí ẹsẹ̀ gbé wọlé.

Ìye ni ìyá tó bí ìyá mi. Tíṣà ni ìyá mi, ìjọba sì ń gbé e káàkiri bí ẹrù, ló bá fi mí sọ́dọ̀ Ìye kí n lè rí ibì kan jókòó sí. Àwa Ìkálẹ̀, ìye là ń pe ìyá, gbogbo ilé ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àti ọmọ àti àlejò. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi ń kọ èyí, àmọ́ ẹ bá mi fi etí inú gbọ́ Ìye dáadáa: ẹnu rẹ̀ kì í pe "ọwọ́", "ọghọ́" ló ń pè é, "ọma" ló sì ń pe ọmọ. Ilé rẹ̀ kì í dákẹ́. Láti ìdájí ni ọ̀bẹ ti ń bó èèpo ẹ̀gẹ́, adìyẹ àti ewúrẹ́ á máa jà lórí èèpo náà, igi tútù á máa ta páró-páró nínú iná, Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbíkẹ́yìn Ìye, á sì máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ohùn tí Ìye sọ pé Ọlọ́run nìkan ló lè fara dà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìye á gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á gbé korobá omi síwájú. Kò sí ẹni tó máa wọ ilé yẹn láìfi ẹsẹ̀ lé òkúta. O fọ ẹsẹ̀ tán, o nà án sí i, Ìye á fi àtàǹpàkò ya ọmọ ìka rẹ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣí ìwé orin. "Ìwọ, o tún wọ bàtà òjò láti àárọ̀. Omi ti jẹ ọ́." "Jìgá nìyí, ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá." "Làpálàpá ni, ẹ wo etí rẹ̀ bó ṣe ga yíká tí àárín rẹ̀ sì ń san. Bàtà ta lo wọ̀?" Bàtà ọmọ ilé kejì ni mo wọ̀, Ìye sì fi ewé asunwọn ra ojú làpálàpá náà títí tí mo fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò bi mí. Èékánná tó dúdú lójú kan lẹ́yìn tí o fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, ẹ̀jẹ̀ ló kú síbẹ̀, yóò hù jáde. Èyí tó nípọn, tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ, àrùn ni, kò sì ní lọ lọ́sẹ̀ kan. "Ìdọ̀tí a máa gbọ́ ti ọṣẹ," Ìye á wí, "àrùn kì í gbọ́ ti ọṣẹ." Ọkùnrin tó máa ń wá ka mítà iná mànàmáná náà ti fi ẹsẹ̀ lé òkúta rí. Ó ní kánjúkánjú ni òun wà. Ìgò àdín kan ló gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ọwọ́ kan wà tí Ìye kì í bá wí, ìyẹn ọwọ́ àwa tí a ń rẹ ẹ̀gẹ́. Pupurú ni iṣẹ́ ilé wa. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú àgbá oníke tí wọ́n gé láàárín títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ní róbótó bí orí ọmọ ọwọ́, a ó sì tò ó sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Bí a bá họ dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á funfun nini, pàápàá pupurú Ìye, tí àwọn ará Òkìtìpupa máa ń dúró dè kó tó dé ọjà. Obìnrin tó bá ti ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ á funfun, á hun jọ, á máa ṣí láàárín ìka. Kò sí ọkùnrin Ìkálẹ̀ kan nígbà náà tó jẹ́ jókòó ti àgbá ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin a gbìn ín, a jẹ ẹ́, ó parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló kó wa sí wàhálà.

Mo bi Ìye lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń gé èékánná mi, pé kí ló dé tó fi ń wo ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó gé èékánná kan sí i. Ó wá ní, "Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Àmì funfun kan yọ sí i lẹ́yìn ọghọ́. A ní ooru ni. Lọ́jọ́ kan ló fẹsẹ̀ tẹ ẹyin iná, kò mọ̀. Òórùn ló sọ fún un. Ẹ̀tẹ̀ ni, ọma mi. Àwọn àgbà kọ́ ahéré fún un nínú oko, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bá a jẹ ẹ́. N ó gbé e sílẹ̀, n ó sì yà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló kú sí." Ó gé èékánná tó kù. Lónìí, mo mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ní oògùn nílé ìwòsàn, pé ẹni tó bá tètè lọ yóò san láìsí àbùkù kankan, pé ohun tó yẹ kó lé ènìyàn lọ síbẹ̀ ni ojú àmì tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Oògùn náà ti dé lọ́dún tí mò ń sọ yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wà nínú ilé wa kí oògùn tó dé.

Báyìí ni Orímisàn, ọkọ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fẹ́ fẹ́, ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Àjàgbà ni, mẹkáníìkì ọ̀kadà ní oríta, ó ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ nǹkan apanilẹ́rìn-ín. Ọ̀kadà tó gbé Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ pupurú ló bàjẹ́ níwájú rẹ̀. Ó tún un ṣe fún bíi wákàtí mẹ́ta, ọ̀kadà tí kò ju pé kí ó yí nọ́ọ̀tì kan lọ. Nígbà tó wá fi ara rẹ̀ han Ìye ní Sátidé, ó wọ bùbá funfun, ó gbé iṣu àti ẹja gbígbẹ dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìye ní, "O káre, ọma mi. Ẹsẹ̀ dà?" Ó fẹsẹ̀ lé òkúta, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Háà! Ogún èékánná, gbogbo rẹ̀ ló ní etí dúdú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí bí máàpù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ògiri kíláàsì. Ìye fi ọṣẹ dúdú rà á, ó fi kànrìnkàn rà á, òìlì kò gbéra.

"Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?"

"Mẹkáníìkì ni mí, Ìye."

"Uṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n mi ò rí awọ ara rẹ. Bí nǹkan bá wà lábẹ́ òìlì yìí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Lọ fọ̀ ọ́ wá. Òní ọjọ́ mẹ́jọ, tí mo bá rí awọ, a ó jọ jẹun, kí àwọn ẹbí rẹ sì máa bọ̀. Tí mi ò bá rí i, Bọ́sẹ̀ kì í ṣe aya rẹ."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò kọrin lọ́jọ́ náà. Èmi náà dààmú, nítorí ó ti ṣèlérí bàtà onígìgísẹ̀ fún mi fún ọjọ́ ìgbéyàwó, mo sì ti ń fi agolo mílíìkì méjì kọ́ bí n ó ṣe máa rìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ìwé rán mi sí Orímisàn. Mo bá a lórí táyà, ó ń fi pẹtiróòlù, iyanrìn àti eérú bó ara rẹ̀ láàyè. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ata, etí èékánná ṣì dúdú. "Àbúrò mi," ó ní, "ó ku kí n bọ́ awọ yìí, kí n sá a sórí okùn." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì ń rò ó bí ọmọdé ṣe máa ń rò: èékánná Ìye a máa dúdú bí ìdí ìkòkò bó bá ti ìdí iná dé, ṣùgbọ́n bó bá ti tọwọ́ bọ àgbá ẹ̀gẹ́, funfun ló máa ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ rẹ wọ́n sínú omi ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń jẹ?"

"Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó rẹ ẹ́ síbẹ̀."

Ìye àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà lóko ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, Ìye lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó sì mú Àǹtí Bọ́sẹ̀ dání. Ọ̀sán méjèèjì ni Orímisàn fi jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú àgbá, ọwọ́ méjèèjì nínú àgbá, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó ń wá ẹja. Èmi ń ṣọ́ ọ̀nà. Àwọn adìyẹ dúró, wọ́n ń wò ó, kò sí èyí tó rí irú rẹ̀ rí. Ó bi mí pé, "Ṣé kò ní ṣe ẹ̀gẹ́ ní nǹkan?" Mo ní ẹ̀gẹ́ ò lè mọ ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú òun. Nígbà tó fẹ́ lọ, mo bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì kan fún un, kó lè máa rẹ ara rẹ̀ nílé títí di Sátidé. Òru ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, bó ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, orí àga ló sùn, ẹsẹ̀ nínú bàsíà. Àwa sì fún ẹ̀gẹ́ wa, a mọ ọ́n, a gbé e sórí iná. Ìye tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí mà yára rọ̀ o," ó ní. "Bí ẹni pé a bá a sọ̀rọ̀." Ikọ́ mú mi, mo jáde síta.

Sátidé pé. Orímisàn fín lọ́fíńdà débi pé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ó bọ́ bàtà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Òìlì ti lọ lóòótọ́. Gbogbo nǹkan tó yí òìlì ká ló bá a lọ. Ẹsẹ̀ náà funfun, ó hun jọ, awọ ń ṣí ní pẹ̀lẹ́bẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ̀ láàárín ọmọ ìka, èékánná ti rọ̀, méjì ti gbé etí sókè. Ojú àmì funfun wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìye sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan.

"Láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni, Ìye," Orímisàn dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Ó ṣì máa funfun jù báyìí lọ."

"Ká ní ọghọ́ obìnrin ni, n bá ní omi ẹ̀gẹ́ ni. Ṣé o máa ń rẹ ẹ̀gẹ́?"

"Èmi kẹ̀? Ọkùnrin bí èmi?" Ó wò mí. Mo wo ewúrẹ́.

Ìye ní kí n já ẹ̀gún ọsàn wá. Ó nu ṣóńṣó ẹ̀gún náà, ó sì fi gún un lẹ́yìn ọmọ ìka kékeré, ó ń wo ojú rẹ̀. Orímisàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àjàgbà ti kìlọ̀ fún un pé àwọn àna Ìjù-Odò a máa dán ọkùnrin wò, pé ẹni tó bá ṣe yéè, ó ti pàdánù ìyàwó.

"Ó dùn ọ́?"

"Rárá, Ìye."

Ó gún òmíràn. "Eléyìí ńkọ́?"

"Kò tilẹ̀ dà bíi pé ẹ fọwọ́ kàn mí." Òógùn yọ sí imú rẹ̀.

Ó gún àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀gún wọlé dáadáa. "Níbí?"

"Ẹ máa gún un lọ, Ìye. Ó ń dùn mọ́ mi ni."

Ìye gbé ẹ̀gún sílẹ̀. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí igi ìdáná jábọ́ lù ú. Omi kàn ń jáde lójú rẹ̀, ó ń dà sórí ẹsẹ̀ Orímisàn. "Ọma mi," ó ní, "má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọ lọ sí oko. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni n ó mú ọ lọ sí ọsibítù. Ẹ̀tẹ̀ ní oògùn báyìí."

"Ẹ̀... kí ni?" Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Orímisàn.

"Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ọ ní Bọ́sẹ̀. Mi ò lè tún wo irú rẹ̀ nínú ilé mi lẹ́ẹ̀kejì. Dárí jì mí."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń gbé oúnjẹ bọ̀ lásìkò náà. Ó gbé àtẹ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì kó aṣọ bo ojú. Orímisàn tún wò mí, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ. Bó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ mọ́, ó ti di ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin inú oúnjẹ àna rẹ̀. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo sọ pé kó wọlé. Mo ro pàṣán Ìye, mo ro bàtà onígìgísẹ̀, mo wá ro Àǹtí Bọ́sẹ̀ tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó pinnu, Ìye ti ṣí àwo. Pupurú ọ̀sẹ̀ náà ni, ó funfun, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Sún mọ́ mi," ó sọ fún Orímisàn. "Inú àwo kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ máa jẹ." Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ká mi lára gan-an. Ó bu òkèlè ńlá, ó fi kan ọbẹ̀.

"Ìye, ẹ má jẹ ẹ́!"

Ó bojú wò mí, n kò sì jẹ́ gbàgbé ojú náà. "O ò tijú? Nínú ilé mi, a ò ní sá fún aláìsàn mọ́ láé." Ó ju òkèlè náà sẹ́nu, ó gbé e mì, kí n lè rí i.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀," mo ní, ẹkún sì bọ́. "Omi ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ki ẹsẹ̀ bọ àgbá wa. Èmi ni mo ní kó rẹ ẹ́ síbẹ̀ kí òìlì lè lọ. Pupurú tí ẹ jẹ yẹn ni."

Ìye wo àwo pupurú. Ó wo ẹsẹ̀ Orímisàn.

"Ẹsẹ̀ kan?" Ìye bèèrè.

"Méjèèjì, Ìye. Àti ọwọ́."

"Ó fọ̀ wọ́n?"

"Pẹ̀lú pẹtiróòlù."

Ohùn kan jáde lábẹ́ aṣọ Àǹtí Bọ́sẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀, ẹ̀rín ti pa á tán. Ṣùgbọ́n Ìye ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára Orímisàn. "Ẹ̀gún ńkọ́?" ó bi í. "Omi ẹ̀gẹ́ kì í pa ara kú. Kí ló dé tí ẹ̀gún ò dùn ọ́?"

"Ìye, ó dùn mí," Orímisàn kígbe. "Ó dùn mí dé ọpọlọ! Mo rò pé ẹ ń wò bóyá ọkùnrin ni mí ni."

"Gbé ẹsẹ̀ wá."

"Ìye, ẹ jọ̀ọ́..."

"Gbé e wá. Bó bá dùn ọ́, ké. Ojú kò gbọdọ̀ tì ọ́."

Ìye tún mú ẹ̀gún. Kí ẹ̀gún tó kan ẹsẹ̀ ni Orímisàn ti fi igbe bọnu. "Mi ò tíì gún ọ," Ìye ní. Ó wá gún un, fẹ́ẹ́ báyìí, ọkùnrin gàgàrà yẹn sì ké yéè débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọ àgbàlá wa, àwọn kan mú àdá dání. Wọ́n bá Orímisàn lórí ìdí, omijé lójú rẹ̀. Wọ́n bá Ìye tó ń rẹ́rìn-ín tó tún ń sunkún, tó di ẹsẹ̀ náà mú mọ́ àyà, tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìye yíjú sí Àǹtí Bọ́sẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, dìde níbẹ̀," ó ní. "Gbé àdín wá kíá. Ẹsẹ̀ ń dun ọkọ rẹ."